Ẹ Wo Ìwé Ìgbéyàwó Kí Ẹ Tó Dájọ́

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, abọ́ ni mo sì ń tà, nítorí náà ẹ má retí òyìnbó lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn ni wọ́n ní kí n sọ. Èyí tó ṣojú mi ni n ó sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ àti ìyàwó kan gbé ìjà wá bá àwa àgbà. A bá wọn parí rẹ̀ títí, kò tán. La bá ní kí ìyàwó dá owó orí padà, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi gan-an ni mo ka owó náà. Ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta di ìjà, ni ìyá wọn bá lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Adájọ́ wo ìwé ìgbéyàwó wọn, ó ní kóòtù òun kò lágbára lórí rẹ̀. Rẹ́jísírì ni wọ́n ti ṣe é n'Ìbàdàn kí wọ́n tó wá síbí! Lójú òfin, tọkọtaya ṣì ni wọ́n. Ìyàwó tuntun kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin tilẹ̀ lè fi ọkọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ojú tì mí.

Ẹni tí wọ́n gbé níyàwó nílànà ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún, kóòtù Ṣàríà ni níhìn-ín, láti 2001 tí wọ́n ti tún ètò kóòtù ṣe ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó alárédè, ti rẹ́jísírì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ìjọba, kóòtù gíga nìkan ló lè tú u, lábẹ́ òfin ọdún 1970. Àdúrà pásítọ̀ láìsí ìwé náà kò sọ ọ́ di alárédè o.

Ti kóòtù gíga ń fẹ́ lọ́yà àti sùúrù. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, àfi kí adájọ́ kọ́kọ́ fúnni láyè. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: bóyá ẹ ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì sì gbà, tàbí ọdún 3 bí kò tilẹ̀ gbà. Lẹ́yìn ìdájọ́, oṣù 3 tún kù kó tó fìdí múlẹ̀.

Ní ti ọmọ, àwa a máa ní bàbá ló lọmọ. Adájọ́ kì í fi ìyẹn ṣe. Ohun tó ṣe ọmọ láǹfààní ló ń wò: ta ló ń bọ́ ọ, ta ló ń mú un lọ sí ilé ìwé? Mo ti rí bàbá tí kò ra bàtà fọ́mọ rí, tó wọ agbádá wá sí kóòtù wá gba ọmọ!

Mo bẹ ẹgbẹ́ yìí, kí ìgbìmọ̀ onílàjà wa tó dá sí ìjà kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwé. Ẹjọ́ obìnrin yẹn ṣì wà ní kóòtù gíga. Mo ń bá a san lára owó lọ́yà, nítorí ọwọ́ mi ló ka owó orí náà.