Ọ̀LẸ̀LẸ̀ ÌYÁ WA
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìjọ

Àwọn tí ó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ yìí lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi kéré: ó dá lórí ọ̀lẹ̀lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mọ́ínmọ́ín.

Ní Òkè-Ìmẹ̀sí yìí, iyán ni olórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni oúnjẹ ọjọ́ ayọ̀. Ìyá wa a rẹ ẹ̀wà sínú omi. Àwa ọmọ a fi ọwọ́ ra á títí èèpo rẹ̀ yóò fi bọ́. Òun tìkára rẹ̀ ni yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, tí yóò sì fi epo pupa, iyọ̀ àti edé po ó. Lẹ́yìn èyí ni yóò ká ewé eéran bí ago, tí yóò bù ú sínú rẹ̀, tí yóò sì pọ́n ọn. Igi ewé náà kì í ṣòfò: ìsàlẹ̀ ìkòkò ni a ń tò ó sí, kí omi má baà wọ inú ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí ooru bá ti mú ewé, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo agboolé kan.

Àwa mẹ́fà ni ìyá wa bí. Ní ọdún kan, ọ̀rọ̀ oko bàbá wa dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n. Ó di ẹrù rẹ̀, ó bá ọ̀nà lọ. Fún ọdún mọ́kànlá, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé. Síbẹ̀, bí ìyá wa bá ń pín ọ̀lẹ̀lẹ̀, mẹ́fà náà ni í kà. Ọ̀kan a wà nínú àwo, a ó sì dé e mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí a tó fi í fún ọmọ aládùúgbò. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní: “Bí mo bá ka márùn-ún lónìí, yóò mọ́ mi lára.” Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ wa mọ ohun tí ìpínyà jẹ́. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1822 ó dé Sàró. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Àwọn ènìyàn wa tí a tú sílẹ̀ ní Sàró kò gbàgbé oúnjẹ ìyá wọn: títí di òní, olele ni àwọn Kíríò ń pè é. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é, abará sì ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. A lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni; ohun tí ìyá fi sí ọmọ lẹ́nu kò ṣeé gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi padà, ṣùgbọ́n ìsìnkú ìyá wa ni ó wá ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò wa obìnrin gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́fà wá. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti tú ewé tirẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó gbé mi dìde, ó pín tirẹ̀ sí méjì, ó sì fún mi ní ìdajì. A jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń kà á kò sí níbẹ̀ láti rí i.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ló ń fi agolo àti ọ̀rá sè é lónìí. Èmi kò bá wọn jà nítorí ewé. Kíkà náà ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá ní ará ilé tí ó bínú lọ, kí ó má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú iye. Kí ó ránṣẹ́ sí i kí oòrùn òní tó wọ̀, nígbà tí ìyá ṣì wà láàyè láti rí i.

Kí Ọlọ́run bùkún ìjọ yìí.