Ta Ní Ń Jí Omi Mi?

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe omi òjò, kì í sì í ṣe omi odò, bí kò ṣe omi tí ènìyàn tọ́jú sínú adágún tí ó fi sìmẹ́ǹtì mọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn kan mọ irú adágún bẹ́ẹ̀ láti máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn, bí èmi, mọ ọ́n láti máa sin ẹja àrọ̀. Ìyọnu kan náà ni ó ń bá gbogbo wa. Ènìyàn yóò bu omi kún adágún lónìí, yóò jí lọ́la, yóò sì rí i pé omi ti dín. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rin, kì bá yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ, ojú kò sì rí ibi tí ògiri ti sán. Ǹjẹ́ ta ní gbé omi náà lọ?

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí ọyẹ́ ń mú gan-an, irú nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Adágún ẹja mi gùn ní mítà 4, ó sì fẹ̀ ní mítà 3. Lójoojúmọ́ ni omi rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú àtàǹpàkò kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tí mo lè bi. Nígbà tí mo gbójú sókè wo òdìkejì ọgbà, mo rí oko ẹ̀fọ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wa. Gbogbo koríko àdúgbò ti gbẹ, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ìyá yìí tutù yọ̀yọ̀. Mo wí nínú ara mi pé, "Ọwọ́ mi ti tẹ olè."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ kí i. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ̀fọ́ yín mà dára o! Nínú ọyẹ́ yìí, níbo ni ẹ ti ń rí omi?"

Ìyá kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, bí mo bá fẹ́ omi, mo lẹ́nu tí mo lè fi tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, ǹjẹ́ ẹ ti wọn omi náà wò?"

N kò rí èsì fọ̀. N kò tíì wọn ohunkóhun. Mo padà sílé pẹ̀lú ìtìjú, mo sì wá ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi lè gbà kúrò nínú adágún. Ọ̀nà kìíní ni oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ rántí àmù ìyá yín àgbà. Àmù kò sán, ẹnikẹ́ni kò sì bu omi inú rẹ̀, síbẹ̀ omi rẹ̀ ń dín. Ara amọ̀ ni omi ń gbà yọ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí ó ti ń lọ ni ó ń mú ooru lọ, ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi ń kúrò lójú adágún. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, kì í ṣe ohun ìyanu bí mìlímítà 5 tàbí 6 bá lọ lójúmọ́ kan. Nígbà tí atẹ́gùn gbígbẹ bá ń fẹ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó máa ń dín.

Ọ̀nà kejì ni ọwọ́ ènìyàn. Àwọn ọmọ ń ta omi jáde bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹlòmíràn a sì gbàgbé rọ́bà sínú adágún; bí omi bá ti kún inú rọ́bà náà, tí ẹnu rẹ̀ kejì sì wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ, yóò máa fa omi jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni jíjò. Báwo ni a ṣe lè mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?

Korobá kan péré ni ẹ nílò, pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsù. Ẹ gbé korobá náà sórí àtẹ̀gùn adágún, tàbí kí ẹ to búlọ́ọ̀kù sínú omi kí ẹ sì gbé e lé e, kí ẹnu rẹ̀ lè yọ síta. Ẹ bu omi adágún náà sínú rẹ̀ títí omi inú korobá yóò fi bá omi ìta dọ́gba. Ẹ fa ìlà sínú korobá níbi tí omi dé, kí ẹ sì fa ìlà mìíràn sí ara rẹ̀ lóde níbi tí omi adágún dé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu omi kún un. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Oòrùn tí ó ń pa adágún náà ni ó ń pa korobá, ṣùgbọ́n korobá kò jò. Nítorí náà, bí omi méjèèjì bá lọ sílẹ̀ bákan náà, ẹ fọkàn balẹ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni. Bí omi adágún bá lọ sílẹ̀ ju ti korobá lọ, adágún yín ń jò, tàbí kí ẹnìkan máa bu omi rẹ̀.

Èmi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi àwọ̀n bo ẹnu korobá kí ẹja má baà fò sínú rẹ̀, mo sì jókòó ṣọ́ adágún náà ní gbogbo òru. Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí ọjọ́ kan pé, omi korobá ti fi mìlímítà 6 lọ sílẹ̀. Ti adágún ti fi mìlímítà 26 lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Níbi tí ó gùn ní mítà 1, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, bí omi bá fi mìlímítà 1 lọ sílẹ̀, lítà 1 ni ó lọ. Adágún mi gba irú ibẹ̀ 12. Oòrùn àti ọyẹ́ gbé lítà 72 lọ. Lítà 240 ni ó jò lọ. Bí garawa kan bá gba lítà 18, garawa 4 ni ti oòrùn, garawa 13 ó lé díẹ̀ sì ni ti jíjò. Lójúmọ́ kan ṣoṣo!

Ó ku kí a mọ ibi tí ó ń gbà jò. Mo kó àwọn ẹja sínú tánkì mìíràn, mo sì jẹ́ kí omi náà máa lọ sílẹ̀ bí ó ti fẹ́. Omi fúnra rẹ̀ ni yóò júwe ilé olè. Bí ó bá dúró ní ibì kan, tí ó sì wá ń dín bíi ti korobá nìkan, ẹ wo ibi tí ó dúró sí yíká yíká. Bí kò bá dúró rárá títí ó fi tán, ìsàlẹ̀ ni ẹ óò wò. Tèmi dúró ní ẹnu páìpù tí a fi ń tú omi jáde. Mo tún bu omi díẹ̀ sí i títí ó fi bo ẹnu páìpù náà, mo dúró kí ó rọ̀ wọ̀ọ̀, mo sì kán íńkì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Íńkì náà kò tàn káàkiri. Ó wọ àárín páìpù àti ògiri lọ bí èéfín tí a fà símú. A gbẹ́ ilẹ̀, a sì rí i pé gbòǹgbò igi máńgòrò ti ti páìpù náà, ó sì ti ya níbi tí a ti so ó pọ̀. Páìpù ọ̀hún gba abẹ́ ọgbà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ oko Ìyá.

Ẹ ò rí i bí? Ẹ̀fọ́ tí mo fi ń pe ìyá náà lólè, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí. Koríko tí ó tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń sọ fún wa pé omi wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó ń lo ẹ̀rọ láti fa omi yípo, ẹ ṣe ìdánwò korobá lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ pa á. Bí omi bá ń lọ púpọ̀ jù nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ páìpù tí ẹ̀rọ fi ń ti omi padà ni ó ń jò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ara adágún. Ẹ má sì ṣe sáré gbọ́n omi adágún gbẹ nígbà òjò. Omi inú ilẹ̀ lè ti adágún òfìfo láti ìsàlẹ̀ kí ó sì fọ́ ọ, nígbà náà ni ẹ óò fi ẹ̀wù tí ó ya díẹ̀ di àkísà.

Ní ọjọ́ tí a tún páìpù ṣe tán, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ mi ńkọ́? Ta ni yóò máa fún un lómi nísinsìnyí?" Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá ń pààrọ̀ omi ẹja, mo ń darí rẹ̀ sí oko rẹ̀, èmi náà sì ń jẹ nínú ẹ̀fọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà wa ní agbọ́ẹjọ́ẹnìkandájọ́, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kí n tó dá a. Bí nǹkan yín bá ń dín tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ mú rúlà kí ẹ tó mú ènìyàn. Omi tí ó jò lọ, a lè bu òmíràn; aládùúgbò tí a fi ọ̀rọ̀ lé lọ, ó ṣòro láti rí padà.

Ó dàbọ̀ o.