Kí ló ń sọ ọmọ wa di abọ̀bẹlọ́wọ́?

 

Ọmọ ọdún 15 kan fa ọ̀bẹ yọ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò wa. Ẹni tí a gún kò kú, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹnì kan ní àṣàsí ni, ẹlòmíràn ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwa tí a lọ kí ilé méjèèjì rí nǹkan mìíràn. Ó ti tó ọdún méjì tí ọmọ náà ti fi kọlẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Àwa náà kò béèrè.

Ní ọdún 2001, David Satcher, oníṣègùn àgbà ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní tí ọmọ bá ti ń jalè tàbí tó ń lo oògùn olóró kó tó pé ọdún 12, ká tètè fura. Tó bá di ọdún 12 sí 14, ẹgbẹ́ tó ń kó ló ń darí rẹ̀ ju ilé lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo kì í sọ ọmọ di apani: bí wọ́n bá kó jọ ni ewu ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó le koko ní kékeré ni kì í di ọ̀daràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta ọmọ kankan nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Tírámádọ̀ ń wọlé. A ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ìbátan ní Kútọnù, a kì í lọ wò ó. A ń lù wọ́n bí ẹran, bẹ́ẹ̀ òfin ọmọdé tí Bénẹ̀ ṣe ní ọdún 2015 ti ka lílu ọmọ léèwọ̀, nílé àti lékọ́ọ̀lù. Ọmọ tí a ń lù bẹ́ẹ̀ ń kọ́ pé ẹni tó lágbára ló jàre. Tí ìdìbò bá dé, owó wà láti kó wọn kiri. Tó bá parí, a ò mọ̀ wọ́n mọ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Kí àgbà méjì lọ kí ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹgbẹ́ wá gbé ìwé náà lọ bá mẹ́ẹ̀rì, kó wá ọ̀gá tí yóò kọ́ wọn níṣẹ́.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.