Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù: Òwú, Ọ̀nà àti Aago

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lónìí ni ti ìrìn àjò òfuurufú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Báwo ni ó ti jìnnà tó? Wákàtí mélòó ni bàálù sì fi ń débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó bá ti mọ ìdáhùn kan ti mọ èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí olùkọ́ bá mú àwòrán ayé tí ó rí rìbìtì bí bọ́ọ̀lù, tí ó na òwú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù lórí rẹ̀, tí ó sì fà á le dáadáa, ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ ni òwú náà yóò tọ̀. Ó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 ibùsọ̀. Ìhà àríwá ni ó dorí kọ: ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó ré Òkun Mediterranean kọjá, ó sì gba orí ilẹ̀ Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàálù ńlá a máa sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá wà lókè réré. Ìṣirò yìí fún wa ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bàálù ní láti gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó sì rọra sọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbà tó wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀.

Aago gan-an ni ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di èyí tí ó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago ìlú méjèèjì dọ́gba. Ní ìyókù ọdún, ti Lọ́ńdọ̀nù a máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní yóò gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Bí ó bá ń padà, tí ó tún gbéra ní aago mọ́kànlá, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé Èkó. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, àlọ jẹ́ wákàtí márùn-ún àtààbọ̀, àbọ̀ sì jẹ́ méje àtààbọ̀. Ọ̀nà kò gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni bàálù kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Aago ni ó yàtọ̀.

Àwọn àgbà sì ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ni òfuurufú orí ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti òfuurufú ilẹ̀ wọn pa. Ó di oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn bàálù tí ó máa ń gba ibẹ̀ lọ sí Yúróòpù ní láti yà gba ibòmíràn. Òwú orí àwòrán ayé kò gùn sí i, síbẹ̀ ìrìn àjò gùn, epo tí wọ́n ń jó sì pọ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wọ bàálù mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ṣi aago kà, lè pàdánù bàálù náà pẹ̀lú owó tí àwọn òbí rẹ̀ fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi iye kan ṣoṣo kọ́ ọmọ. Kí ó kọ́ ọ láti máa bèèrè ohun mẹ́ta: òwú náà ti gùn tó? Ọ̀nà wo ni bàálù yóò gbà? Aago ìlú wo ni wọ́n kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì?