Ọgbẹ́ Ọkàn: Ẹ Fi Aṣọ Bo Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà



   

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ níbi wáàsí. Òun la fẹ́ sọ lónìí: ọgbẹ́ tí kò sí lára, tó jẹ́ inú ọkàn ló wà.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ná Mowe sí Berger. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ epo gbiná níwájú rẹ̀ lójú títì márosẹ̀, ó sì gbọ́ igbe àwọn tó wà nínú iná. Ọlọ́hun yọ òun, kò fara pa rárá. A bá a dúpẹ́, a ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò rí oorun sùn mọ́. Bó bá dijú, iná yẹn ló ń rí. Bí wọ́n bá fun fèrè ọkọ̀, á fò dìde. Bó bá gbóòórùn epo, òógùn á bò ó. Ọ̀rọ̀ kékeré, á ti jágbe mọ́ ìyàwó àti ọmọ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wá di ohun tí kò lè fọwọ́ kàn.

Kí ni àwa máa ń sọ fún un? A ó ní, “Ṣebí o ò kú? Gbàgbé ẹ̀ jàre. Ọkùnrin ni ẹ́.” Àwọn mìíràn á tiẹ̀ ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ẹ̀yin ará wa, ibẹ̀ yẹn gan-an la ti ń ṣì í.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ara ẹ̀dá dà bí ọdẹ àdúgbò tí olè ti jà lójú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, bí ewúrẹ́ bá kọjá lóru, fèrè ni. Kì í ṣe pé ọdẹ yẹn ya òmùgọ̀, ó ń ṣọ́ ilé ni, àmọ́ kò mọ̀ pé olè ti lọ. Láti ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti fún àìsàn yìí lórúkọ, PTSD ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ibi bá ṣẹlẹ̀ sí ni ara wọn máa ń balẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ju oṣù kan lọ, tí kò dẹwọ́, ó ti di ohun tí à ń tọ́jú nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ẹni tó wà nínú ìjàǹbá nìkan ló ń kàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù October, ọdún 2005, nínú oṣù Rámádánì, ọkọ̀ òfurufú kan tó gbéra láti Èkó lọ sí Àbújá já lulẹ̀ ní abúlé Lísà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. A ka àwọn òkú. Ta ló ka àwọn tó rí ibẹ̀ lójú kòrókòró, tí wọ́n sì padà sílé lọ sùn?

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ ká wo ilé Ànábì wa. Oṣù Rámádánì náà ni Màlékà Jibrílù kọ́kọ́ wá bá a nínú ihò àpáta Hírá. Oore ńlá ni, kì í ṣe ibi. Síbẹ̀, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n délé, tó ní kí wọ́n fi aṣọ bo òun. Ẹ wo ohun tí ìyá wa Khadija ṣe. Kò ní, “Àgbà bí ìwọ?” Ó kọ́kọ́ fi aṣọ bò ó títí ẹ̀rù fi kúrò. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, tó sì rán an létí oore tó ti ń ṣe fún ẹbí, fún aláìní àti fún àlejò. Ìkẹta, ó mú un lọ bá Waraqah, ìbátan rẹ̀ tó nímọ̀. Nǹkan mẹ́ta yìí ni ká máa ṣe.

Èkíní, ẹ bò ó. Ẹ gbé e kúrò níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ fún un lómi, lóúnjẹ, kí ẹnìkan jókòó tì í. Ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má fipá mú un ròyìn. Ọmọdé tó bá ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tí àwọn adigunjalè wọlé, ẹ má nà án. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Èkejì, ẹ gbọ́ ọ. Ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má já a lẹ́nu. Bí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, ẹ mú un padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀: lónìí kó jókòó sínú ọkọ̀ tó dúró, bó bá yá kó wà á dé Ibafo, ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Arò ò jìnnà sí wa, Abẹ́òkúta nihín-ín ni. Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀: ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tó fi hàn wá ni pé oògùn dára, ṣùgbọ́n oògùn àti ènìyàn ló ń wo ọkàn sàn. Nítorí náà, ẹ má so aláìsàn mọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní orúkọ àdúà. Áfáà á ṣàdúà, dókítà á tọ́jú, ìkan ò lé ìkejì.

Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó má tìtorí àwẹ̀ dá a dúró. Ẹ bi dókítà bóyá a lè lò ó nígbà ìṣínu àti sààrì. Bí kò bá ṣeé ṣe, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gbààwẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ikú yá òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ànábì Yaqub sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fọ́, Ànábì ló ṣì ń jẹ́. Ẹ má pe omijé ní àìnígbàgbọ́.

Bí a bá fẹ́ ṣínu lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká wo ojú ara wa nídìí àwo. Ẹni tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí a kàn ń pè ní onígbèéraga tàbí onínúfùfù, ẹ súnmọ́ ọn. Bóyá aṣọ ló ń wá.

Kí Ọlọ́hun Ọba má fi ibi kàn wá lójú ọ̀nà àti nílé. Kó wo ọkàn tó gbọgbẹ́ sàn, kó fọ̀rọ̀ jíjẹ́ sí wa lẹ́nu. Àmín.