Ìpín Ta Ni Owó Ìfẹ̀yìntì Bí Ìgbéyàwó Bá Tú?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ifẹ̀wàrà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

 

Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn ní àdúgbò wa, a máa ń béèrè ta ni yóò kó àwọn ọmọ, ta ni yóò jáde nílé, ta ló ni ilẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè owó ìfẹ̀yìntì. Bẹ́ẹ̀, nínú ilé olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, owó yẹn lè jẹ́ ohun-ìní tó tóbi jù lọ lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbé. Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀: ìwọ̀n owó tó kóra jọ nínú rẹ̀ láàárín ọdún tí tọkọtaya fi wà pa pọ̀, àwọn méjèèjì ló ni ín, orúkọ yòówù kó wà lórí àkáǹtì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti oko, tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Kòkó tí ọkọ gbìn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe oko náà. Ìyàwó ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn lébìrà, òun ló ń ru kòkó wálé, òun ló ń sá a sóòrùn tó ń ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n fi ń retí kí kòkó náà tó so. Tí ìjà bá wá dé, tí obìnrin kó ẹrù rẹ̀, oko kì í tẹ̀lé e. Àṣà wa gbà pé ohun tí obìnrin fi òwò ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni, ọkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ń fi èyí yangàn, nítorí ó di 1882 kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà ní kíkún pé abilékọ lè ní ohun-ìní tirẹ̀. Àmọ́ àṣà yẹn kan náà kò pèsè òṣùwọ̀n fún òógùn tí ẹnì kan dà sórí ohun tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Owó ìfẹ̀yìntì ni oko kòkó òṣìṣẹ́ oṣù, kùdìẹ̀-kudiẹ kan náà ló sì bá a fínra.

Ẹ wo bí owó náà ṣe ń kóra jọ. Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ní kí wọ́n máa yọ ìdá 8 nínú 100 ó kéré tán lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìdá mẹ́jọ tí wọ́n yọ yẹn, oúnjẹ ilé, owó iléèwé àti owó oògùn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹnì kan ló ń dí àlàfo náà lóṣooṣù. Bí ọkọ bá jẹ́ olùkọ́, ìyàwó tó ń ta gàrí ni. Bí ìyàwó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ọkọ tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Iléṣà ni. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Láàárín 2015 sí 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ń gba àbọ̀ owó oṣù, owó ọjà àti owó èésú ló gbé ilé wọn ró. Ẹni tó bọ́ òṣìṣẹ́ títí iṣẹ́ kò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dá owó sí pẹ́ńṣọ̀n náà.

Kí ni òfin wá sọ? Fún àwọn tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970, abala 72, fún ilé-ẹjọ́ gíga lágbára láti ní kí tọkọtaya fi ohun-ìní sílẹ̀ fún ara wọn tàbí fún àwọn ọmọ, bí ó bá ṣe tọ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ní tirẹ̀ kò ṣe ètò kankan fún pípín àkáǹtì nígbà ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ara wọn nílànà ìbílẹ̀ nìkan, tí wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, kò sí lábẹ́ òfin 1970 yẹn rárá. Ó sì tún kù. Ní 1992, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ ìyàwó kan tó ní òun bá ọkọ òun kọ́lé. Wọ́n ní ó ní láti ṣàlàyé irú ohun tí ó fi sílẹ̀ àti iye tí ó jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn adájọ́ wa, síbẹ̀ mo ní láti béèrè: ta ló ń gba rìsíìtì ọbẹ̀ tó sè?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rìn síwájú. Ìwé òfin Ghana ti 1992, abala 22, ní kí wọ́n pín ohun tí tọkọtaya jọ ní lọ́nà ẹ̀tọ́ bí ìgbéyàwó bá tú, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì sọ ní 2012 pé kí ìpín náà dọ́gba, kí wọ́n ka iṣẹ́ inú ilé sí iṣẹ́. Láti 1989 ni South Africa ti ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ohun tí wọ́n ń pín, ní 2007 wọ́n sì gbà kí ìpín ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ jáde láìdúró de ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ẹnì kejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejìlá 2000, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n la àkáǹtì ìfẹ̀yìntì sí méjì. Níbẹ̀ náà ni ẹjọ́ tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan parí sí ní oṣù Kẹta 2010, orúkọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Wọ́n ti lo ọdún tó lé ní ọgbọ̀n pọ̀, wọ́n bímọ márùn-ún. Kóòtù Èkó fún ìyàwó ní ilé tí yóò máa gbé títí ayé rẹ̀ àti owó díẹ̀. Kóòtù Lọ́ńdọ̀nù fún un ní £275,000 lára owó ilé kan níbẹ̀, ìyàwó sì dá ẹ̀tọ́ ilé Èkó padà. Obìnrin kan náà ni, ọkọ kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.

Àwọn kan yóò ní, ṣé kí ẹni tó fẹ́ olùkọ́ lọ́dún kan ṣoṣo wá kó ìdajì iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lọ? Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, mílíọ̀nù mẹ́fà náírà wà nínú àkáǹtì rẹ̀, ogún ọdún nínú rẹ̀ ló sì fi wà nílé ọkọ tàbí pẹ̀lú aya. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ti ìgbéyàwó, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìdajì rẹ̀, mílíọ̀nù méjì, ni ti ẹnì kejì. Ohun tó ti kó jọ kí wọ́n tó fẹ́ra, òun nìkan ló ni ín. Òṣùwọ̀n yìí kan náà ni kí wọ́n fi wọn àkáǹtì ìyàwó tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, owó tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jọ dá sílẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ ìpín lára owó ọkọ kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́.

Ìṣòro kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Òṣìṣẹ́ kò lè gba owó náà kí ó tó fẹ̀yìntì tàbí kí ó tó pé ọmọ ọdún 50, èyí tó bá kẹ́yìn, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ tàbí ilé bá wà, wọ́n lè fi dípò ìpín náà. Bí kò bá sí, kí ìwé ìdájọ́ kọ ìdá tí ẹnì kejì yóò gbà lọ́jọ́ tí owó bá jáde, kí ó má kọ iye náírà. Bí náírà ṣe ń jábọ́ yìí, ẹni tí wọ́n kọ mílíọ̀nù méjì fún lónìí lè gba owó àpò ìrẹsì díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Kékeré ní Àbújá ló lè fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ kún òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, mo sì ń bẹ àwọn aṣojú wa pé kí wọ́n gbé àbá náà lọ. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ̀yin adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ní Atákúnmọ́sà àti Iléṣà, mo bẹ̀ yín lórúkọ àwọn ìyá àti bàbá tó jókòó síbí: ẹ máa béèrè ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ tọkọtaya méjèèjì kí ẹ tó tú wọn ká.