Àlọ́ Tí Kò Pe Ara Rẹ̀ Ní Àlọ́



Ẹ ó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó. Lóru, fóònù ń dún láti ilé dé ilé: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má baà mú yín. Ta ló sọ ọ́? Wọ́n ní. Àwọn òbí jí ọmọ lójú oorun, wọ́n da omi iyọ̀ lé wọn lórí. Nígbà tó fi di ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀: ìròyìn ti fi hàn pé, ó kéré tán, èèyàn méjì ni omi iyọ̀ mímu ti pa ní Nàìjíríà.

Láyé ìgbà tí à ń pàlọ́, ìyá àgbà á kọ́kọ́ ké, "Àlọ́ o!" Àwa ọmọdé á dáhùn, "Àlọ̀!" A ti mọ̀ pé ìtàn ló ń bọ̀. Bí Ìjàpá bá bá àwọn ẹyẹ fò lọ sọ́run, kò sẹ́ni tó máa jáde lọ wojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ké "àlọ́ o" kó tó parọ́. Ohùn kan náà ni irọ́ àti òótọ́ fi ń wọlé níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́ ọmọ nìyẹn: kó lè dá àlọ́ mọ̀ níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti kéde rẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún ti tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kó ya igun ilé ìdáná tó mọ́ tónítóní, kó tún ya ibi tí abọ́ tí a kò tíì fọ̀ kó jọ sí. Ẹ wá bi í pé, "Èwo ni ilé ìdáná wa?" Á rí i fúnra rẹ̀ pé ibi tó wu ayàwòrán ló fi hàn wá. Bí ìpolówó bisikíìtì bá dé lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọ inú rẹ̀ jẹ ẹyọ kan, tó ń fò sókè, ẹ béèrè: "Ta ló sanwó èyí? Kí ló fẹ́ ká ṣe?" Ẹ jẹ́ kó ronú; ẹ má bá a dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ìbéèrè náà á padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin fúnra yín: "Màmá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ náà ní aláfojúdi. Ká ní ọmọ kan bi òbí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóru omi iyọ̀ ọjọ́sí ni, bóyá iyọ̀ ì bá wà nínú ike rẹ̀ di àárọ̀, ká fi se ọbẹ̀.